Ta Ni Ìyá Ìlaròó? Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Àwọn Àgbà Wa

Nílé bàbá tó bí bàbá mi, l'Abẹ́òkúta, lápá Òwu, yàrá kan wà tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo wa ń pè ní yàrá Ìyá Ìlaròó. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó igbá, garawa àti ìkòkò aró tó ti sán sí. Tí ọlidé bá dé, táwa ọmọ bá ti pọ̀ jù nínú ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí fún èmi àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń sùn nínú yàrá yẹn, ọlidé dé ọlidé lọ, mo mọ ibi tí òjò ti máa ń jò, mo mọ ihò tí aláǹgbá ń gbà wọlé, àmọ́ mi ò béèrè lọ́jọ́ kan rí pé ẹ jọ̀ọ́, ta tiẹ̀ ni Ìyá Ìlaròó yìí. Lójú tèmi, orúkọ yàrá ni, bí èèyàn ṣe ń sọ pé kíṣìnì tàbí páálọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló wá dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa nígbà tó yá, èmi gan-an ni mo sì fà á. Mo ń kọ ọ́ torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ló ti ń to ìtàn ìdílé jọ báyìí, wọ́n ń dá WhatsApp ẹbí sílẹ̀, wọ́n ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ, ohun tó dáa ni, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo ṣe yìí rọrùn láti ṣe ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ó sì lè já ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé bàbá ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe rí. Bàbá Àgbà, bá a ṣe ń pe bàbá bàbá mi nìyẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fojú rí wọn nínú àwa ọmọ ọmọ, owó aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n ń ra aṣọ funfun wá, àwọn ìyàwó wọn ń fi ṣe àdìrẹ, wọ́n ń tà á n'Ítòkú. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, wọ́n kan páànù sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la ilé náà já, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tiẹ̀ tòun tàwọn ọmọ ẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló sì ní ààrò tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tẹ́nì kan bá se oúnjẹ ọkọ tán, ó kan ẹlòmíì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìyàwó tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó lọ ka ààrò àti yàrá. Ó ti pẹ́ jù kí n tó mọ ìyẹn.

Ohun kejì tí mi ò mọ̀ ni bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú agbo ilé. Ìyàwó ilé kì í fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, títí kan ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ẹ̀, torí ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ sí i. Ló bá di pé àwọn obìnrin ilé ń fún wọn lórúkọ: Ìbàdí-àrán, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Bàbá Kékeré. Àwọn ìyàwó náà, ẹnu ò ń pe orúkọ tiwọn, iṣẹ́ tàbí ìlú ni wọ́n fi ń pè wọ́n títí wọ́n á fi bímọ, tí wọ́n á wá di ìyá ọmọ wọn. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi orúkọ ìsàmì tàbí orúkọ mọ̀sáláṣí kún un, àti oríkì, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́, ẹnì kan ṣoṣo lè ní orúkọ márùn-ún, kí àwọn ọmọ ẹ̀ pàápàá má mọ̀ ju méjì lọ. Nílé wa, àwọn ìyàwó Bàbá Àgbà tí mo gbọ́ orúkọ wọn láti kékeré ni Ìyá Ẹlẹ́kọ tó jẹ́ ìyáálé, Ìyá Aláró tó bí bàbá mi, àti Ìyá Kékeré. Mẹ́ta. Ohun tí mo gbé lọ́kàn dàgbà nìyẹn.

Ní 2009 mo ra fóònù kan tó lè gba ohùn sílẹ̀, mo ní màá gba ìtàn ilé wa kí Ìyá Àgbà tó lọ. Ìyá Àgbà ni àkọ́bí Bàbá Àgbà, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ọdún ogun Adùbí ni wọ́n bí wọn, ìyẹn 1918, ọdún tí wọ́n gbé owó orí dé tí àwọn Ẹ̀gbá kọ̀ ọ́ tí ìbọn fi dún. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí mo lọ bá wọn ṣùgbọ́n iyè wọn ṣì jí pépé. Mo gbé fóònù síwájú wọn lórí àpótí, mo mú ìwé tí mo kọ ìbéèrè sí jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò wọ́n bí ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀daràn. Ta ló ta ilẹ̀ fún Bàbá? Ilẹ̀ oko Ọ̀báfẹ́mi, ibo ni ààlà ẹ̀ dé? Ta ló jẹ oyè rí nínú wa? Ilẹ̀, oyè, ọkùnrin. Ìyá Àgbà á dáhùn ní ṣókí, wọ́n á wá yà sórí ohun tó ń dùn mọ́ wọn gan-an, wọ́n á ní, "Ọdún yẹn náà ni Ìyá Kékeré kọ́kọ́ dá aró tiẹ̀ lọ́tọ̀, aró ọ̀hún ò mú aṣọ, ó sunkún débi pé ìyá mi fi tiẹ̀ bù ú." Èmi á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká parí ti ilẹ̀ yẹn ná." Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá wọn padà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá wọn ò yà síbẹ̀ mọ́. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn, torí wọ́n ti gbà pé ohun tí wọ́n mọ̀ kọ́ ni mo wá gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n sọ pé, "Nígbà yẹn, Babárímisá ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀." Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo kọjá lórí ẹ̀, mo rò pé orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé sọ ọmọ kan ni.

Babárímisá kì í ṣe ìnagijẹ. Bàbá rí mi, ó sá. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú láìpẹ́ sígbà tí wọ́n bí i ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ṣe ni ǹ bá béèrè pé, Màmá, bàbá wo ló kú tí ọmọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, nínú ilé yìí? Torí bàbá kan ṣoṣo ló kú nílé náà lásìkò yẹn, Bàbá Àgbà fúnra wọn sì ni. Ohun tó ń dùn mí nìyí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ wà nínú orúkọ yẹn, mo sì jẹ́ kó kọjá lọ létí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ dákun, ẹ máa dúró lórí orúkọ. Babátúndé àti Yétúndé á sọ fún yín pé bàbá tàbí ìyá àgbà kan ti kú ṣáájú ọmọ náà, tẹ́ ẹ bá mọ ọdún kan ẹ lè fi wá èkejì. Abíọ́nà, wọ́n bí i lọ́nà, ẹ béèrè ibi tí ìyá ẹ̀ ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rí Ìdòwú, tẹ́ ẹ ò rí ìbejì tó ṣáájú ẹ̀, ẹ lọ béèrè ìbejì yẹn. Ìdòwú ni orúkọ bàbá tó bí mi. Bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, ó kú ní 2006, mi ò bi í rí pé àwọn ìbejì tó ṣáájú ẹ̀ dà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti wá gbọ́ pé lóòótọ́ ni Ìyá Aláró bí ìbejì, pé wọn ò pé ọdún méjì láyé, àti pé ère ìbejì wọn wà lórí pẹpẹ nínú yàrá ìyá wọn títí dìgbà tí wọ́n sin ìyá yẹn.

Ohùn Ìyá Àgbà tí mo gbà sílẹ̀ ńkọ́? Inú fóònù yẹn nìkan ló wà. Ní 2011 fóònù náà sọnù nínú bọ́ọ̀sì l'Ékòó, ó bá gbogbo ẹ̀ lọ. Ojú ewé mẹ́fà péré ni mo ti kọ sínú ìwé. Mo ní kí n padà lọ bá wọn ká tún un sọ, iṣẹ́ ò jẹ́, ọmọ ń ṣàìsàn, ọ̀nà jìn, bẹ́ẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta mélòó ni. Wọ́n kú ní 2013.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo jókòó ti ojú ewé mẹ́fà mi. Mo rí i pé mo ti kọ "Ìyá Ìlaròó" síbì kan nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo rò ó wò, mo ní áà, Ìyá Kékeré náà ni wọ́n ń sọ, torí àwọn méjèèjì ni Ìyá Àgbà ń pè ní ìyàwó tó kéré jù. Mo fi bírò fa ìlà sí i. Mo kọ "Ìyá Kékeré" lé e lórí. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé bàbá wọn fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, mo dárúkọ wọn àtàwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a tẹ ẹ̀dà 300, gbogbo èèyàn ló kí mi pé mo ṣe é dáadáa.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé "kékeré" kì í ṣe orúkọ, ipò ni. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń jẹ́ ẹ, tí ẹlòmíì bá wọlé, ó di tẹni yẹn, tẹ́ni yẹn bá sì fi ilé sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣáájú ẹ̀. Ìyá Kékeré tó sunkún nídìí aró nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, Ìyá Kékeré tí èmi mọ̀ lójú kọ́ nìyẹn rárá.

Ní 2017 wọ́n fẹ títì, iwájú ilé wa bá a lọ. Wọ́n san owó, ₦1,800,000 ló dé ọwọ́ ẹbí. Wọ́n pe ìpàdé. Bàbá Káfíńtà, àbúrò bàbá mi tó kù láyé, ló jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, wọ́n ní ìdí igi la máa fi pín in, ìyẹn ni pé ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan á gba ìpín kan, iye ọmọ yòówù tí ìyá bí. Ẹnì kan béèrè pé ìdí mélòó la ní. Ẹlòmíì bá fa ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà yọ nínú báàgì ẹ̀, ó ṣí i, ó kà á sókè. Mẹ́ta. Ìdí kọ̀ọ̀kan gba ₦600,000. Gbogbo wa buwọ́ lù ú, a jẹ móínmóín, a lọ sílé.

Ní oṣù kẹta 2018, a tún pàdé nílé náà, obìnrin kan wọlé, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ bùbá àdìrẹ, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó. Ó ní, "Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ọmọ Babárímisá ni mí, láti Ìlaròó." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Òwu, Òwu la kọ́ dá, ọmọ Ajíbósìn, ọmọ Asunkúngbadé, ó ń kì í lọ títí ó fi dé orí oríkì ilé wa gangan, ohùn ẹ̀ ò já. Ó ní ìyá bàbá òun ló kọ́ bàbá òun, bàbá òun ló sì kọ́ àwọn kí wọ́n tó kú. Ó ní àwọn gbọ́ pé wọ́n pín nǹkan nílé, òun ò bá tìjà wá, òun kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn òun mọ òun.

Bàbá Káfíńtà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Ta ni Babárímisá?" Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn fúnra wọn nígbà tí Bàbá Àgbà kú, wọn ò lè mọ̀. Ẹnì kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé oníjìbìtì ni, wọ́n gbóòórùn owó. Mo dìde, mo lọ mú ìwé ètò ìsìnkú wá, mo ṣí i síbi tí mo kọ orúkọ àwọn ìyàwó sí, mo fi lé obìnrin yẹn lọ́wọ́ pé àǹtí, ẹ wò ó, ìyàwó mẹ́ta ni, bóyá ẹ ṣi ilé wọ̀ ni. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ o, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ fún un ni pé bàbá ẹ̀ kò sí.

Ó kà á. Ó pa á dé, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ara ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ìyá bàbá mi ní yàrá nílé yìí. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn pátápátá, lápá òsì, fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ìdí igi ọsàn."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ kékeré kan tó ń fi táyà ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló dáhùn, ó ní, "Yàrá Ìyá Ìlaròó."

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé. Igi ọsàn yẹn ti kú tipẹ́ ṣùgbọ́n kùkùté ẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti jókòó lé e lórí láìmọye ìgbà. Mo wá ń ka ààrò. Ààrò ìdáná àtijọ́ yẹn, wọ́n ti kó eérú ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì le bí òkúta, kò sí koríko tó hù níbẹ̀. Mẹ́rin ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi sùn dáadáa. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo padà lọ tú àpótí Ìyá Ẹlẹ́kọ tí wọ́n gbé sókè àjà. Aṣọ ló kún inú ẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, nínú agolo bisikíìtì kan, mo bá ìwé owó orí, wọ́n fi okùn òwú dì í. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí torí ó lè wúlò fún àwọn ará Abẹ́òkúta. Láti 1918 tí owó orí ti dé yẹn, obìnrin ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀ nílùú wa, kì í ṣe abẹ́ orúkọ ọkọ, ìyà tó sì jẹ wọ́n lórí ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn obìnrin dìde pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá fi fi ìlú sílẹ̀ ní 1948. Nítorí náà orúkọ obìnrin, tí ẹnu ò pè nílé, ìwé owó orí lè mọ̀ ọ́n. Ìyáálé wa ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀. Mo tò wọ́n sílẹ̀ lórí ẹní. Orúkọ obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀ fún ọdún kan náà, mẹ́ta ni mo mọ̀.

Ẹni tó wá sọ ìyókù fún mi ni ìyá kan ní agbo ilé kejì sí tiwa, ọmọ ilé ni wọ́n, wọ́n ní àwọn tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí obìnrin lé Aláké. Mi ò mú ìwé ìbéèrè dání lọ́tẹ̀ yìí. Mo bá wọn já ewédú. Nígbà tó yá mo ní, "Màmá, ẹ mọ Ìyá Ìlaròó?" Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń dì mí nírun? Ọwọ́ ẹ̀ máa ń dúdú fún aró dé ìgùnpá, ìyá mi á máa pariwo pé kó má fi kun ọmọ òun lórí." Wọ́n ní ọmọge ni nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ọmọ ẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ fi kú. Nígbà tí ọ̀fọ̀ pé, àwọn àgbà ilé ní àbúrò ọkọ á ṣú u lópó, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà yẹn nìyẹn. Àwọn ìyàwó tó kù gbà, àwọn kan torí ọmọ, àwọn kan torí kò síbi tí wọ́n máa lọ. Òun ní òun ò ṣe. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní tí kò bá gbà kó fi ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Ìdájí ọjọ́ kan ló pọn ọmọ ẹ̀, ó gba Láfẹ́nwá lọ wọ rélùwéè dé Ìfọ̀, ó wọ èyí tó ń gba Ìlaròó lọ sí Ìdọ̀gọ̀, ó padà sílé bàbá ẹ̀. Màmá yẹn ní Ìyá Ẹlẹ́kọ ìyáálé ló jí sìn ín dé títì, ó ru ẹrù ẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin ilé ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin wá ń fi orúkọ ẹ̀ pe yàrá.

Mo sunkún níwájú wọn. Mo wá rí i pé Ìyá Àgbà ń gbìyànjú láti sọ ọ́ fún mi lọ́dún 2009, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún wọn láti kékeré, èmi ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ owó ò rọrùn. Lọ́yà kan tí mo lọ bá ló là mí lóye. Ó sọ ti ẹjọ́ kan l'Ékòó, Danmole àti Dawodu, ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ bíi tiwa gẹ́lẹ́. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ò fara mọ́ ìdí igi, ẹjọ́ náà lọ títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà yẹn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 wọ́n ní ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí, ká pín in fún ọmọ lórí-lórí, wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ló máa pa ìjà. Ìyẹn ni pé tá a bá yọ ìyá kan kúrò nínú kíkà, gbogbo ìdí ẹ̀ la gé. Ó tún sọ ti 1908, ilé ẹjọ́ Èkó gbà nígbà yẹn pé àkọ́bí tó wà láyé lè jẹ́ olórí ẹbí bó bá tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ìyẹn dùn mí wọra. Ìyá Àgbà ni àkọ́bí, wọ́n wà láyé títí di 2013, àwọn ọkùnrin ń ṣe ìpàdé ẹbí ní páálọ̀, àwọn wà ní yàrá, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń ní kí wọ́n wá bó. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé ìyàwó mélòó ni bàbá wọn fẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ láàárín ilé, mo ní èmi ni mo kọ ìkọkúkọ, mo sì fi ìwé owó orí mẹ́rin yẹn hàn wọ́n. Tá a bá pín in sí mẹ́rin, ₦450,000 ló yẹ kó kan ìdí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dá ₦150,000 padà. Ìdí tiwa san án lóṣù yẹn. Ti Bàbá Káfíńtà san án díẹ̀díẹ̀ títí di ìparí 2019. Ìdí kẹta ní àwọn ti fi kan páànù, àwọn ò rówó, títí di òní ₦60,000 ló ṣì kù lọ́wọ́ wọn, àǹtí mi ará Ìlaròó sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi sílẹ̀. Mo ṣì máa ń rán wọn létí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Mi ò kí ń gbé fóònù síwájú àgbà mọ́ lójú ẹsẹ̀, mo máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn ná, tí ọ̀rọ̀ bá wọra mo gbàṣẹ, mo tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń béèrè yàrá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ta ló sùn níbí, ta ló sùn níbẹ̀ kó tó dé, ta ló ń dáná níbo. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé àtàwọn ọmọ osú ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin, torí àwọn ló mọ ẹni tó jáde, ẹni tó padà, ẹni tí wọ́n lé. Mi ò kí ń bi àgbà pé ọdún wo ni, mo ń bi wọ́n pé ṣé kí Hitler tó jà ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, ṣé wọ́n ti gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ìyẹn 1955, ṣé ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún, ìyẹn 1972, ṣé náírà là ń ná ni àbí pọ́n-ùn, 1973 ni náírà dé. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo ń fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé, mo fa ìlà pupa yí i ká. Mi ò tún ní fi bírò pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ mọ́ torí pé ó jọ ti ẹlòmíì. Kí a tó tẹ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo ìdí, kí wọ́n kà á, kí wọ́n bá wa jà ná.

Lọ́dún tó kọjá a ṣe kàlẹ́ńdà ẹbí tuntun. Fọ́tò Bàbá Àgbà ló wà láàárín, ìyàwó mẹ́rin yí wọn ká. A ò rí fọ́tò Ìyá Ìlaròó kankan, àní nílé wọn lọ́hùn-ún, nítorí náà orúkọ rẹ̀ la kọ sínú àyè tiẹ̀, bó ṣe wà lórí ìwé owó orí gẹ́lẹ́. Bàbá Káfíńtà ló fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nínú agolo bisikíìtì yẹn, fọ́tò mẹ́ta ṣì wà tí mi ò mọ ẹni tó wà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin méjì tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, ọwọ́ ọ̀kan wà léjìká èkejì, ọmọ kan dúró níwájú wọn tó di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí. Mo ti pe màmá agbo ilé kejì yẹn, wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n ti lé ní ọdún 85 báyìí, ojú wọn kì í ríran dáadáa mọ́ tí oòrùn bá ti ga, nítorí náà Sátidé yìí, aago márùn-ún ìdájí ni màá kúrò l'Ékòó.